Oyèbísí àti Ìmọ́lẹ̀ Yàrá Kẹrìnlá

Oyèbísí nìkan ni obìnrin tí mo mọ̀ tó lé ọkùnrin mẹ́fà jáde sínú yìnyín pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan nídìí wọn, tí mẹ́rin nínú wọn sì padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó kù ṣì ń bínú. Ọ̀kan nínú wọn ní láti ọjọ́ náà ni etí òsì òun ò ti gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kò gbọ́ràn rí.

Ilé kan náà ni èmi àti Oyèbísí ń gbé ní Scarborough, ní Toronto, òun ní àjà kọkànlá, èmi ní ìkẹsàn-án. Ẹlẹ́vẹ́tọ̀ ilé wa máa ń há dáadáa, nítorí náà a ní àyè láti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èyí tí kò fẹ́ sọ, Àlímì ló sọ ọ́ fún mi.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Oyèbísí. Ó fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlárò, kí òun, Mákindé ọkọ rẹ̀, àti Ìdẹ̀raolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó kó wá sí Toronto. Nígbà tó dé, àwọn tó ń fún olùkọ́ ní ìwé àṣẹ ní kó lọ gba ìwé kan wá láti ọ́fíìsì kan nílé. Ọ́fíìsì ilé ní àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni àfi tí ẹni náà bá yọjú fúnra rẹ̀. Àwọn ti ìhín ní àwọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àfi tó bá ti ọ́fíìsì wá tààrà. Oyèbísí wà láàárín àwọn méjèèjì fún ọdún kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa bá ara wọn sọ ọ́, ó sì lọ gba iṣẹ́ ìmọ́tótó.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó yìí ló gbé e dé ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kan ní apá ìlà-oòrùn ìlú. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí lọ́yà wọn pọ̀ ju ìgbálẹ̀ wọn lọ.

Kì í ṣe iṣẹ́ ká kàn gbálẹ̀ lásán. Níbẹ̀, eruku kan lè wà tí ojú ò rí, tó ń ta ìtànṣán tó lè ba ara jẹ́. Ẹni tó ń nu ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ nù, ohun tó fẹ́ fi nù ún, àti ibi tó máa ju àkísà sí tó bá nù ún tán. Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Òyìnbó kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni olùkọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ nǹkan sí pátákó, Oyèbísí nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ má bínú sà, ẹ ti kọ ìṣirò yẹn lódì.” Láti ọjọ́ náà, bí òyìnbó náà bá fẹ́ kọ nǹkan, á kọ́kọ́ wojú rẹ̀.

Mọ́tò Àlímì ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Ìwó ni Àlímì, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Òun ló ń to irin àti pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró lé bí iṣẹ́ bá wà lókè. Kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní bíréèkì. Láti Scarborough títí dé ibi iṣẹ́ lójú ọ̀nà 401, á ti sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá wakọ̀ kọjá, àti ti àwọn tó bí wọn. Oyèbísí á ní, “Àlímì, àwẹ̀ ń bọ̀ o.” Àlímì á ní, “Ìyá Ìdẹ̀ra, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ tán báyìí.”

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ átọ́míìkì náà láti tún un ṣe, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yàrá kẹrìnlá. Kò tóbi ju pálọ̀ lọ. Àwọn páìpù tí omi ẹ̀rọ náà ń gbà kọjá ló wà lókè rẹ̀. Omi náà kì í ṣe irú èyí tí à ń mu. Ó wúwo ju omi lásán lọ, ó sì ti bá iná átọ́míìkì jókòó pẹ́ débi pé, bó bá di oru, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fà á símú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé aláàmù kan kọ́ sí ògiri yàrá náà, kékeré bíi páálí bàtà, tó ní fèrè lẹ́nu. Bí oru yẹn bá jáde, aláàmù á ké, gbogbo èèyàn á sì sá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé láti ọjọ́ Sátidé ni aláàmù yìí ti ń ké láìsí oru, láìsí nǹkan kan. Á ké fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Gordon, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn, fi tó àwọn tó ń tún un ṣe létí. Wọ́n ní ọjọ́rú làwọn máa ráyè wá. Gordon ní, “Ó ti bàjẹ́ ni, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.” Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, aláàmù ń ké mọ́ wọn lórí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n dé, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, Oyèbísí wà lórí ìkúnlẹ̀ ní yàrá kẹrìnlá, ó ń nu ìdí ògiri. Ọkùnrin mẹ́fà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni Àlímì, tó wà lórí pákó lókè. Ó gbójú sókè láti na ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ kan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Àwọ̀ búlúù ni, àárín rẹ̀ funfun. Kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kò pariwo, kò rùn, ó kàn là, ó sì lọ.

Ní Ìlárò, lọ́dọọdún, Oyèbísí máa ń sọ fún kíláàsì àṣekágbá pé: ìmọ́lẹ̀ búlúù nínú adágún omi tí wọ́n ń kó epo átọ́míìkì sí, ibẹ̀ ló yẹ kó wà, ẹ máa wò ó, ó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù nínú afẹ́fẹ́, epo átọ́míìkì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí kò yẹ nìyẹn, ìtànṣán rẹ̀ lè pani, ẹ má wò ó, ẹ sá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi sọ ọ́, kò sì sí ọmọ kan tó béèrè ibi tí ọmọ Ìlárò ti fẹ́ rí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ó ju àkísà sílẹ̀. Ohùn tó fi máa ń pa ogójì ọmọ lẹ́nu mọ́ níjọ́ kìíní ló tún jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Out! Everybody out! Ẹ fi irinṣẹ́ sílẹ̀! Àlímì, sọ̀ kalẹ̀!”

“Ìyá Ìdẹ̀ra, kí ló dé?”

“Sọ̀ kalẹ̀ kí n tó gùn ún wá bá ọ níbẹ̀!”

Àlímì ní òun ò tíì rí ojú ẹni tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, àti pé kì í ṣe ìtànṣán lòun sá fún. Wọ́n tú jáde. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, ọwọ́ wọn fúnra rẹ̀ bọ́ ọ, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn: aṣọ inú kò gbọdọ̀ jáde síta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dúró sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè wò ó bóyá eruku burúkú ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó dúró. Ẹ̀rọ náà ń sọ pé “please wait, please wait”, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

Báyìí ni ọkùnrin mẹ́fà ṣe bọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú òtútù ìwọ̀n mẹ́tàdínlógún sísàlẹ̀ òdo, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn tí ilé iṣẹ́ fún wọn. Oyèbísí ní tirẹ̀ ti wọ súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ àti ṣòkòtò òtútù méjì lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Juliana, obìnrin Potogí tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín débi pé kò lè tẹ nọ́ńbà tó fẹ́ fi pe ọ̀gá. Nígbà tó rọra gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rín, ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde fún wọn.

Gordon dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn.

“Ta ló ní kí ẹ jáde?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Oyèbísí wí. Ó sọ ohun tó rí àti ohun tó rò pé ó jẹ́.

Gordon wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “A ti pa ẹ̀rọ náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irú epo tí à ń lò níbí ò sì lè ṣe ohun tí ò ń sọ yẹn nínú afẹ́fẹ́, ì báà wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí wá ni mo rí, sà?”

“Tọ́ọ̀ṣì ẹnì kan ni. O ti kó èèyàn mẹ́fà kọjá ẹ̀rọ àyẹ̀wò láìdúró. Ṣé o mọ bí ìwé tí mo máa kọ lórí èyí ṣe máa pọ̀ tó? Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Oyèbísí ò rìn. Ó ní òfin Ontario fún òṣìṣẹ́ láyè láti kọ iṣẹ́ tó bá gbà pé ó léwu, títí tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì kọ̀ ọ́. Àwọn yòókù wo Gordon, wọ́n wo Oyèbísí, wọ́n wo bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn náà kọ̀ ọ́. Mo rò pé bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù.

Àlímì nìkan ni kò lè dúró. Fóònù rẹ̀ wà lórí pákó lókè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, “Mò ń bọ̀, ìṣẹ́jú méjì ni.”

“Àlímì, má dán an wò.”

“Ìyá Ìdẹ̀ra, ẹ ti ṣe tiyín. Fóònù mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan.”

Gordon na àtàǹpàkò sí i, ó ní, “Good man.” Àlímì wọlé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ míì, ó lọ.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, rọ́bà tó dí ìsopọ̀ páìpù kan lókè yàrá kẹrìnlá já. Nígbà tí Àlímì ṣílẹ̀kùn, ó rí nǹkan funfun tó kún inú yàrá bíi balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbóná wẹ̀ nínú rẹ̀. Ooru náà dára lára rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbọ̀n nínú yìnyín! Ó mí in dáadáa. Ó gun òkè, ó mú fóònù, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín kó tó rántí pé kò sí ẹni tí í wẹ̀ ní yàrá kẹrìnlá. Ó gbójú wo aláàmù tó yẹ kó máa ké. Aláàmù náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó sá. Aláàmù ti kọ́rídọ̀ ló jàjà gbọ́ oru náà nígbà tó tẹ̀lé Àlímì jáde, òun ló sì ta gbogbo ilé iṣẹ́ jí. Lọ́tẹ̀ yìí, Àlímì dúró nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó ń pariwo orúkọ Ọlọ́run, ẹ̀rọ náà ń sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó dúró jẹ́ẹ́.

Ká ní wọ́n ṣì wà nínú yàrá yẹn, àwọn méjèèje ì bá ti fà á símú fún ìgbà tó pẹ́, nítorí kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún wọn. Àlímì nìkan ló fà á, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Dókítà ní kò ní pa á, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ti gbà nílé iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní kó máa mu omi gan-an kí ó lè fi ìtọ̀ yọ ọ́ dànù, kó sì máa gbé ìtọ̀ náà wá nínú ìgò fún àyẹ̀wò. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bíà ló ń ṣiṣẹ́ jù, pé oògùn ni, Ọlọ́run á gbọ́ ọ yé. Àlímì ní Ọlọ́run ti ní ohun míì láti forí rẹ̀ ji òun lọ́sẹ̀ yẹn, kí òun má lo àforíjì náà tán. Omi zóbò ló ń mu. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìgò zóbò àti ìgò ìtọ̀ sínú báàgì kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní kí n má sọ ọ́.

Ní àjà kọkànlá, Mákindé, tó ń bá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ ní Markham, tó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń tọ́ èèyàn sí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó ní ikọ́ ń ṣe òun, òun ò fẹ́ kó ran ìyàwó òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kó húkọ́.

“Ìdẹ̀ra, lọ sọ fún bàbá rẹ pé mi ò tàn nínú òkùnkùn,” ni Oyèbísí wí nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ò gbójú kúrò lójú fóònù. “He knows, Mummy. He googled it. He's just embarrassed now.”

Láti pálọ̀, Mákindé húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ fún Oyèbísí ní ìwé ìkìlọ̀, nítorí pé ó kó èèyàn kọjá ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún mi nínú ẹlẹ́vẹ́tọ̀ pé ohun tó dun òun jù ni pé wọ́n tọ̀nà lórí ìyẹn. Ká ní eruku burúkú wà lára wọn, wọn ì bá ti gbé e dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọn ì bá ti gbé e délé.

Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Hameedah, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó dàgbà ní Oakville, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín: ó ń rọra gbésẹ̀, kò sì ṣubú. Ó pe Oyèbísí sí yàrá kékeré kan lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀.

“Auntie, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn?”

“Búlúù. Àárín rẹ̀ funfun.”

Hameedah kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn méjì sọ pé funfun ni, ẹnì kan ní àwọ̀ ewé ni, Àlímì ní ó jọ iná ẹni tó ń jó irin, àwọn méjì yòókù ní àwọn ò rí nǹkan kan, ohùn Auntie ni àwọn sá fún.

“Ṣé ẹnì kan ń jó irin?”

“Rárá, ma. A ti yẹ wáyà wò, a yẹ gílóòbù wò, a yẹ tọ́ọ̀ṣì wọn wò. A ò rí nǹkan kan.” Ó fa ìwé kan jáde. “Ṣùgbọ́n gbogbo yín ló ní báàjì tó ń ka ìtànṣán láyà. Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún, báàjì yín ka òdo. Ti àwọn tó kù náà ka òdo.”

Oyèbísí fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kà á fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ni, ó mọ ohun tí òdo túmọ̀ sí.

“Kì í wá ṣe ohun tí mo rò nìyẹn.”

“Kì í ṣe òun, ma. Ẹ ṣìnà lórí ìmọ́lẹ̀ yẹn.” Ó gba ìwé náà padà. “Inú mi dùn pé ẹ ṣìnà bẹ́ẹ̀.”

Ó wá fi fọ́tò kan sórí tábìlì. Aláàmù yàrá kẹrìnlá ni. Wọ́n ti rọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ kan bọ fèrè rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ náà nìkan ló yọ síta. Aláàmù náà ti ké ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ké gan-an, inú ìbọ̀wọ́ ló ké sí. Iná pupa tó yẹ kó máa ṣẹ́jú wà lábẹ́ téèpù.

“Ṣé ẹ ti rí èyí rí?”

Oyèbísí sọ fún mi pé òun lè sọ pé rárá. Ìwé ìkìlọ̀ kan ti wà lórí òun. Gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe òun ní akọni ni, kódà àwọn tí òun ò mọ̀ rí ní ibi ìdúró bọ́ọ̀sì.

“Mo rí i,” ló sọ. “Láti ọjọ́ Ajé. Mo nu ògiri yẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nù ún. Mo tiẹ̀ nu eruku orí àtàǹpàkò rẹ̀.”

Hameedah gbé bírò sílẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ariwo yẹn ti sú mi. Mo ní iṣẹ́ ẹlòmíì ni. Mo ní ẹni tó fi í síbẹ̀ á yọ ọ́.” Ó wo fọ́tò náà. “Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa wo nǹkan dáadáa. Mo wò ó dáadáa, mo sì nù ún.”

“Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ìbọ̀wọ́ náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi di ọ̀la.”

Hameedah ti fọ́tò náà bọ àárín ìwé rẹ̀. Ó ní, “Di ọ̀la, Auntie. Kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú mọ́tò, Àlímì ń sọ̀rọ̀ awakọ̀ tírélà kan. Oyèbísí jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Àlímì, ìbọ̀wọ́ rẹ ni.”

Wọ́n kọjá ibi méjì tí wọ́n ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Àlímì ní òun ò dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀.

“Mo fẹ́ yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn,” ló sọ níkẹyìn. “Mo gbàgbé ni. Wallahi, mo gbàgbé ni. Orí ń fọ́ mi, Ìyá Ìdẹ̀ra. Ó ń ké láti Sátidé, òkè ni mo wà, etí mi ló ń ké sí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“N kò sọ. Mo ti sọ tèmi fún wọn lónìí. Ọ̀la, ìwọ lo máa sọ tìrẹ.”

“Wọ́n á lé mi.”

“Bóyá. O ti fà á símú ná. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ́ ṣe?”

Àlímì lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Wọn ò lé e. Wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé wò sí i, wọ́n rí ìwé àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ti ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí Gordon ti fọwọ́ sí i pé òun dán aláàmù yàrá kẹrìnlá wò, ó sì ń ké dáadáa. Gordon ò débẹ̀ rárá. Wọ́n mú un kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan ní àárín ìlú, níbi tó ti ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà nípa ààbò òṣìṣẹ́. N kò ṣàwàdà. Mo ti rí ọ̀kan. Àwòrán inú rẹ̀ dára.

Ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ìwé ìwádìí náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀: àwọn ò mọ ibi tó ti wá. Ìyẹn ò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní mọ́ṣáláṣí Àlímì, bàbá kan ní àlùjọ̀nnú ni, pé wọ́n fẹ́ràn ibi tí irin bá pọ̀ sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Oyèbísí, pásítọ̀ ní áńgẹ́lì ni, ó sì pè é jáde ní ọjọ́ Ìsinmi kó wá jẹ́rìí. Mákindé fúnra rẹ̀ ló mú un lọ síwájú, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n fi ń tọ́ èèyàn sí àga.

Oyèbísí gba máìkì. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan, n kò mọ ohun tó jẹ́. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, mo ṣìnà.”

“Áńgẹ́lì ni!” ni pásítọ̀ wí. Ìjọ ní halelúyà.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Bó bá jẹ́ áńgẹ́lì, iṣẹ́ mi ló wá bá mi ṣe, nítorí ọjọ́ méjì ni mo fi rí ohun tó yẹ kí n sọ tí n kò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí aláàmù èéfín ilé yín ń dún tín-ín-tín tí ẹ sì torí ẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ nawọ́ sókè.”

Ó tó ogún ọwọ́ tó lọ sókè, ti pásítọ̀ náà ń lọ kó tó rántí ibi tó wà. Ó gba máìkì, ó ní kí ẹgbẹ́ akọrin dìde.

Ilé iṣẹ́ ò fa ìwé ìkìlọ̀ yẹn ya. Àwọn òṣìṣẹ́ náà sì dìbò, wọ́n fi Oyèbísí sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ààbò wọn. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń nu ilẹ̀ lọ, ó ń gbé orí sókè wo ohun gbogbo tó wà lára ògiri. Kì í rọrùn láti bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Stop, àwọn òyìnbó pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rò pé orúkọ Yorùbá ni.

Ní oṣù kẹrin, ó dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí méjì gbáko, nítorí pé bóòtù onínọ́ọ̀tì kan ò dè dáadáa lára irin tí wọ́n tò. Àlímì ló tò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń rahùn títí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò fi dé. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kò sí ẹni tó jókòó ti Oyèbísí. Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ lóun nìkan, ó fọ kúlà rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó rò pé òun máa wọ bọ́ọ̀sì. Mọ́tò Àlímì dúró níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ó wọlé. Àlímì ò kí i, kò tan rédíò, kò sọ̀rọ̀ awakọ̀ kankan.

Ó di ìgbà tí wọ́n dójú 401 kó tó lanu.

“Bóòtù wo gan-an ni?”

“Ẹ̀kẹta láti ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún.”

“Ọ̀tún tèmi ni àbí ọ̀tún tiyín?”

“Ọ̀tún kan ṣoṣo ló wà, Àlímì.”

“Ìyá Ìdẹ̀ra, ẹni tó bá wà lókè àti ẹni tó bá wà nílẹ̀, ọ̀tún wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà!”

Wọ́n jà á títí dé Scarborough.